Wọ́n gbà mí sí fásitì, ọ̀gá mi sì ní kí n wá gba fírídọ̀ọ̀mù: èwo ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe JAMB. Nígbà tí mo ń retí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni màmá mi ní àwọn ò lè máa wò mí níjòókòó lójoojúmọ́, wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń wáyà ilé, tó sì ń so ínfátà àti sólà. Ó ti di ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin báyìí. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Lọ́dún yìí mo gba 218. Electrical Engineering ni mo kọ sílẹ̀. Soil Science ni wọ́n fún mi, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko, ọlọ́dún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n fi san owó ìgbàwọlé. Màmá mi, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ àwọn ti wọ fásitì. Ọ̀gá mi ní tiwọn ní kí n gba fírídọ̀ọ̀mù ní ìparí ọdún, àwọn á máa gbé iṣẹ́ abúlé fún mi ṣe.

Ẹ má pa òwe "ọ̀nà kan ò wọ ọjà" fún mi o, gbogbo ilé ti pa á tán. Èwo nínú ọ̀nà náà ni kí n gbà?

Agùnbánirọ̀ Ìjẹta

Àbúrò, kú oríire ná. 218 kì í ṣe eré.

Màá sọ tèmi, kì í ṣe pé kí o fi ṣe àwòkọ. Nígbà tí mo jáde girama, gbogbo ẹgbẹ́ mi ń lọ fásitì, èmi náà bá wọn lọ. Mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kankan. Accounting ni mo kà. Ọdún mẹ́rin ló yẹ kó gbà, ọdún mẹ́fà ni mo lò, nítorí ìyanṣẹ́lódì ọdún 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 tún gba oṣù mẹ́jọ. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ọmọ tó ń gẹrun ládùúgbò wa ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó.

Mo lọ sìnlú, wọ́n gbé mi sí ilé ìwé kan ní ìgbèríko kí n máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ń dùn mọ́ mi nínú látìgbà yìí wá. Ká ní ẹnìkan bi mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún pé iṣẹ́ wo lo máa ń ṣe tí o fi ń gbàgbé oúnjẹ, NCE ọlọ́dún mẹ́ta, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ni ǹ bá kọ́kọ́ ṣe, ǹ bá sì fi Direct Entry wọ ọdún kejì fásitì tààrà lẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí mo ti ń padà lọ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, pẹ̀lú irùngbọ̀n, láàárín àwọn ọmọdé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ní ẹ̀yìnkùlé tí èèyàn lè gbà wọlé. Dókítà ni, ọdún mẹ́fà, kí ó tó lọ ṣe housemanship, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Lọ́yà ni, ọdún márùn-ún, kí ó tó lọ sí Law School. Apòògùn náà ńkọ́? Fásitì ni. Bí ọkàn ọmọ bá wà nínú irú iṣẹ́ wọ̀nyí, kí ó máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má dí i lọ́nà.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di akáńtáǹtì lè fi kírẹ́dìtì márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ATSWA, ìdánwò ìpele ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì, kí ó máa gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni. Òbí á wọlé wá, á ní, "Tíṣà, ọmọ mi gbọ́dọ̀ wọ fásitì." Màá bi í pé kí ni ọmọ fẹ́ kà. Á ní, "Ohunkóhun tí wọ́n bá ti fún un." Mi ò tíì rí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Ohunkóhun rí o.

Ìwọ ọmọ yìí, dá mi lóhùn: kí ni Soil Science fẹ́ bá ọ ṣe? Má sọ fún mi pé dìgírì ni dìgírì.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣé, bàbá. Ká sòótọ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé fásitì ni.

Ní ti owó, lóṣù tó kọjá ilé mẹ́ta ni mo dá wáyà, ọ̀gá mọ̀ sí i, 85,000 náírà ló kù sí mi lọ́wọ́. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀, 12,000 péré. Mo ti ní díríìlì, mítà, púláyà, àti àkàbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà kan bi wá pé bátìrì mélòó ló máa gbé fíríìjì òun di òwúrọ̀. Ọ̀gá mi ní mẹ́rin. Nígbà tí a délé mo béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé mẹ́rin ni. Wọ́n ní, "Mẹ́rin la máa ń fi sí i." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lẹ́sẹ̀ bí ìjàlọ.

Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún JAMB

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni èmi ti ṣe é. Bí o ò bá fẹ́ ìgbàwọlé yẹn, gbé e fún mi. 😭

Ìyá Aláṣọ

HND, ìwé ẹ̀rí Pólì, ni mo ní, aṣọ ni mo ń rán. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi ìwé mi ṣòfò o, nítorí Marketing tí mo kà ní Pólì ló kọ́ mi pé kí n má máa fi owó oníbàárà ra ẹja.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ọwọ́, ẹ sọ ìyókù fún un. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ẹni tó bá ọ wá ṣọ́ọ̀bù. Iná tí kò sí. Oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ wá gba aṣọ láti Iléyá èṣí. Fírídọ̀ọ̀mù gan-an, owó ni: kánópì, àga, ohun mímu, fótò, ẹ̀bùn ọ̀gá. Mo ti rí ọmọ tó yá owó ṣe é, ó wá fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ san gbèsè. Bí ìwọ bá máa gba tìrẹ, ra àkàbà tuntun kí o tó ra ewúrẹ́.

Ilẹ̀ Dúdú

Mo fẹ́ kọjá lọ, mo rí Soil Science, mo padà. Ẹ̀ka tèmi nìyẹn, bíi tìrẹ ni wọ́n ṣe tì mí síbẹ̀.

Kẹ́místírì pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún kìíní, o ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín yín àti àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì yòókù. Nígbà tó bá di ọdún kẹrin, oko ni. Ẹ ó kọ ebè, ẹ ó gbin àgbàdo, ẹ ó gbẹ́ kòtò tó jìn ju èèyàn lọ, ẹ ó wọ inú rẹ̀ máa wo bí àwọ̀ ilẹ̀ ṣe ń yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú kòtò yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí. Lónìí mo ń yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn tó fẹ́ gbin kókó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo máa ń sọ bí ilẹ̀ wọn ṣe kan tó, ìyẹn bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, fún wọn, àti irú ajílẹ̀ tó yẹ ẹ́. Ó ń bọ́ mi.

Àwa tó jọ wọlé lé ní ogójì. Àwa tó ń fi í jẹun ò pé mẹ́wàá. Ẹ̀ka náà ò burú rárá, ọ̀pọ̀ wa ni kò fẹ́ ẹ.

Àbúrò, padà lọ ka ohun tí o kọ sókè. Bátìrì, fíríìjì, mítà. O ò dárúkọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá sì ń rò ó lọ́kàn pé "màá kàn wọlé ná, màá yí padà sí Engineering," ọ̀pọ̀ ló rò bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì wa. Ẹnìkan ló rí i ṣe.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n gbé owó sí i.

Fásitì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, àmọ́ àwọn owó yòókù ti ga. UNILAG gbé tiwọn láti 19,000 sí òkè 100,000 ní ọdún 2023. Kí o tó jẹun nìyẹn, kí o tó wọ ọkọ̀.

Ẹ̀yáwó NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, wà. Òfin rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò ní èlé. Ọ̀dọ̀ ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé sí tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó ìtọ́jú sì wà fún 20,000 lóṣù. Ilé ìwé aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú ni sísan bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti ríṣẹ́ á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹ gbé 20,000 lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ, kí ẹ wá sọ iye ọjọ́ tó gbé yín dé fún mi.

Iye kan wà tí kì í sí nínú ìwé tí ilé ìwé ń fún yín: owó tí o kò ní rí nítorí pé o jókòó ní kíláàsì. Oṣù kan 85,000, oṣù kan 12,000. Ká mú 40,000. Lọ́dún márùn-ún, 2,400,000 náírà nìyẹn, bí ìyanṣẹ́lódì kankan ò bá wáyé. Mi ò ní kó má lọ o. Èmi gan-an lọ, mi ò sì kábàámọ̀. Mo ní kó mọ̀ pé iye yẹn lòun ń kó lélẹ̀, lórí èyí tí màmá rẹ̀ máa fi èlùbọ́ san.

Agùnbánirọ̀ ń gba 77,000 lóṣù báyìí. Ẹ fi wé 85,000 yẹn. Bí mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ má gbàgbé 12,000.

Sáré Tete

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Kó lọ Kùtọnu. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ, kíá ló gbé dìgírì dé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ìwọ Sáré Tete, rọra. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ìjọba wa dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba dìgírì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì fi sìnlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìrẹsì gan-an ò lè gbó kíá tó bẹ́ẹ̀. Fásitì gidi wà ní Bẹ̀nẹ̀, Abomey-Calavi wà níbẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ lọ.

Ọmọ Onídìrí

Ẹ má bínú pé mo já wọlé. Èmi ń kọ́ irun dídì. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí kò bá lọ fásitì, ìdílé ọkọ á máa fojú di í. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Aláṣọ

Ìdílé ọkọ tó bá fẹ́ fojú di èèyàn, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n á fojú di. Kọ́ iṣẹ́ rẹ dáadáa. Bí o bá fẹ́ kàwé, kà á nítorí ara rẹ. NOUN, fásitì ìjọba tí èèyàn lè máa ti ilé kà, wà níbẹ̀, wọn kì í béèrè máàkì JAMB, o lè máa dirí lọ́sàn-án, kí o kàwé lálẹ́. Ṣí ìjíròrò tìrẹ, a ó dá ọ lóhùn.

Ará Peckham

Ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó ń dùn mí. Ọmọ mi obìnrin pé méjìdínlógún níbí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò lọ fásitì báyìí, òun fẹ́ ṣe apprenticeship: ilé iṣẹ́ á máa san owó oṣù fún òun, wọ́n á sì máa rán òun lọ kàwé lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ títí òun á fi gba dìgírì. 9,250 pọ́n-ùn ni owó fásitì lọ́dún nígbà náà, ó di 9,535 ní ọdún 2025. Dípò kí n dúpẹ́, igbe ni mo fi bọnu. Mo ní kí ni màá sọ fún àwọn ará ìjọ? Èmi tí mo ti ní kí wọ́n bá mi dá aṣọ sílẹ̀ de ọjọ́ ìgboyè!

Ọdún mẹ́ta rèé. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìtìjú tèmi ni mo fẹ́ gbé rù ú.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, bá mi kí màmá rẹ. Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Wáyà Pupa

Mo dúró kí gbogbo yín sọ̀rọ̀ tán. Èmi kọ́ iṣẹ́ iná kí n tó wọ Pólì.

Ìbéèrè bátìrì tó ń jẹ ọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ni, ó ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ká ní fíríìjì oníbàárà yín ń jẹ 100 wátì ní ìpíndọ́gba. Wákàtí mẹ́wàá láti alẹ́ di òwúrọ̀: 1,000 wátì-wákàtí. Pín in sí fóltì 12, ó lé díẹ̀ ní 83 Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà pamọ́. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí o fà á kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú, nítorí náà sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 166 àti díẹ̀. Fi ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un. Bátìrì 200Ah kan ti gbé e. Mẹ́rin tí ẹ fi sí i, mẹ́ta jẹ́ owó oníbàárà tó ń sùn sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ ò rẹ́ni jẹ o, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Má fi èyí lọ ko wọ́n lójú.

Bó ṣe yé mi nìyí. Ohun tí o fẹ́ mọ̀ wà nínú ìwé, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún ọ yìí. ND Electrical/Electronics, ìwé ẹ̀rí Pólì ọlọ́dún méjì, ló yẹ ọ́. Pólì Ìbàdàn wà, Òkè-Ògùn Polytechnic ní Ṣakí náà wà. 100 ni JAMB fi lélẹ̀ fún Pólì ní 2024 àti 2025, 218 rẹ ti rékọjá. Ìsinmi bá dé, o padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Bí o bá gba Upper Credit, ìyẹn èsì tó dára, o lè fi Direct Entry wọ ọdún kejì Engineering ní fásitì, èyí tí o kọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní ó tó, irinṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ.

Lóòótọ́, HND tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ND ní Pólì ní wàhálà tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ní i kì í kọjá ipele 14 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí ìjọba lo bá fẹ́ bá ṣiṣẹ́, mú ọ̀nà Direct Entry yẹn ní òkúnkúndùn.

Ohun tí o lè ṣe lóṣù yìí: lọ ṣe trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti Grade 3. Béèrè nípa ìwé ìyege tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò iná, ń fún àwọn oníná, àwọn oníbàárà ńlá máa ń béèrè rẹ̀. Má tíì tẹ "Accept" tàbí "Reject" lórí CAPS, ojú ìwé ìgbàwọlé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́ lọ sí ibi tí o ti ṣe JAMB, bi wọ́n bóyá àyè pípààrọ̀ ilé ìwé ṣì ṣí sílẹ̀ lọ́dún yìí.

Agùnbánirọ̀ Ìjẹta

Mo jókòó ti ohun tí Wáyà Pupa kọ yìí, mo sì ń ṣírò bátìrì ilé mi. Ẹnìkan ti rẹ́ mi jẹ.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ má bínú.

Mo lọ sí Ṣakí. Mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan ní Pólì, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló mú mi wọlé. Wọ́n ń ya wáyà sójú pátákó, tíṣà ní kí wọ́n sọ ìdí tí fíùsì fi máa ń jó. Mo gbàgbé ara mi, mo nawọ́. Tíṣà ní, "Ìwọ ta ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo gbà á.

Ọ̀gá mi ò jiyàn. Wọ́n ní tí mo bá ti kọ́ ìṣirò náà tán, kí n wá kọ́ àwọn. Àyè pípààrọ̀ ilé ìwé ṣì ṣí, mo ti san owó rẹ̀, mo ń retí èsì láti Ṣakí. Bí kò bá bọ́ sí i, màá ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kan sí i, Pólì ni màá kọ sí ipò kìíní. Fírídọ̀ọ̀mù di oṣù kejìlá, kékeré, kò sí kánópì. Ìyá Aláṣọ, mo ti ra àkàbà.

Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lẹ fi fírídọ̀ọ̀mù ọ̀hún sí?" Mo sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Kí n lè tètè sọ fún aláṣọ òfì. Ẹ̀tù àbí sányán?"

Ìyá Aláṣọ

Ẹ̀tù ni. Sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíràn rán an, mò ń bọ̀ ní Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ ọjà.